Owó Wa Ló Ń Gbé Ilé Ọnà Ró, Kí Ló Dé Tí A Kì Í Wọ Ibẹ̀?

Lọ́dọọdún, kí oṣù Kejìlá tó parí, gbogbo Yorùbá tó ní ọkọ̀ ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló máa ń gba ìwé kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìwé owó orí ọkọ̀ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. A máa ń kùn, a máa ń pòṣé, ṣùgbọ́n a máa ń san án, nítorí pé ẹni tí kò bá ní rísíìtì owó orí lọ́wọ́ kò lè tún nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń san owó yìí. Ní ọdún kẹwàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí owó ilé ẹ̀kọ́, mo rí owó ilé ìkàwé, mo sì rí ìlà kan tó sọ pé owó ọgbà ẹranko àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìyí.

Mo bi ara mi léèrè pé, ìgbà wo ni mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ́yìn ní ìlú yìí? N kò wọ ọ̀kankan rí. Nígbà tí a jáde ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo bi èèyàn méje. Ẹnì kan péré ló ti wọ ilé ọnà ìlú rí, òun náà sì ní òjò ló lé òun wọlé.

Ìjà ni mo fi àròkọ yìí jà, àwa Yorùbá tó ń gbé irú ìlú báyìí ni mo sì ń bá jà, bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ọnà tó wà ní ìlú tí a ń gbé jẹ́ tiwa. Owó wa wà nínú rẹ̀, ìtàn wa wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wa dù ú yìí, àwọn ọmọ wa ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. St. Louis kì í ṣe ìlú ràbàtà bíi New York tàbí Chicago. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, àwọn tó ń gbé inú ìlú náà gan-an kò ju nǹkan bí 300,000 lọ. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ kò ṣe. Ní 1904, wọ́n ṣe ìpàtẹ àgbáyé kan ní Forest Park, ọgbà ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ààfin tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ náà jẹ́ ilé ojú ayé, wọ́n sì wó wọn nígbà tó parí. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ́ kí ó lè pẹ́, Cass Gilbert ló ya àwòrán rẹ̀. Òun ló di Saint Louis Art Museum, ilé ọnà orí òkè tí ère Ọba Louis wà lórí ẹṣin níwájú rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ wa ti máa ń yọ̀ wálẹ̀ nígbà yìnyín.

Ní 1907, àwọn ará ìlú dìbò pé kí wọ́n máa yọ owó orí fún ilé ọnà náà. Ní 1971, àwọn ará ìlú àti àwọn ará St. Louis County tún dìbò, wọ́n sì pa owó pọ̀ láti máa fi gbọ́ bùkátà ọgbà ẹranko, ilé ọnà, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọgbà ewéko Missouri wọ inú ètò náà ní 1983, Missouri History Museum sì wọ̀ ọ́ ní 1987. Lókè ẹnu ọ̀nà ilé ọnà náà, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára òkúta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo èèyàn. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfi Yorùbá.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ilé ọnà Pulitzer tí Tadao Ando ará Japan ya àwòrán rẹ̀, tó ṣí ní 2001, ọ̀fẹ́ ni. Contemporary Art Museum tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ilé ọnà Kemper tó wà ní yunifásítì Washington, ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lábẹ́ Gateway Arch, òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, ọ̀fẹ́ ni. A máa ń ya fọ́tò lókè, a kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó yẹ kí òwe yẹn máa ta wá lára, nítorí pé ẹni tó ti gbé ìlú fún ogún ọdún kì í ṣe àlejò mọ́.

Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni pé a mọ ọ̀nà Forest Park. Kò sí Yorùbá tó bímọ ní ìlú yìí tí kò tíì kó ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko. Owó orí kan náà ló ń gbọ́ bùkátà ọgbà ẹranko àti ilé ọnà, inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. A ń kó ọmọ lọ wo erin ilẹ̀ Éṣíà, a óò ra áísìkiriìmù, a óò sì yí ọkọ̀ padà sílé. Ọmọ wa mọ bí erin ṣe ń jẹun, kò sì mọ ohun tí ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ gbẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri, àwíjàre mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. N óò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni pé kò sí àyè. Mo mọ ìyẹn dáadáa. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru sì ni. Bí mo bá délé láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti wú, ojú mi á ti pọ́n. N kò ní bá ẹni tó rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n àwa kan náà la máa ń jókòó láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago mẹ́ta òru níbi ọjọ́ ìbí ẹni tí a kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àwa la máa ń ra aṣọ ẹbí ẹlẹ́ẹ̀mẹta nínú ọdún kan. Àwa la máa ń sanwó kí àwọn ọmọ lè ṣe ọjọ́ ìbí ní City Museum, níbi tí wọ́n ti ń gun òkè tí wọ́n ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ bàtà àtijọ́. N kò sọ pé èyí burú, eré dára fún ọmọdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó rí àyè fún èyí tí a ń sanwó fún kò lè sọ pé òun kò rí àyè fún ọ̀fẹ́. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n máa ń ti ilé ọnà ìlú. Wákàtí kan péré ti tó. Kò sí ẹni tó ní kí o wo gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwíjàre kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ilé òrìṣà ni, ère ló kún ibẹ̀, onígbàgbọ́ òdodo tàbí mùsùlùmí òdodo kì í wọ ibẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti sọ ọ́, àti ohun tí ó ná mi.

Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú kí n tó ka ìwé owó orí yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi obìnrin kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Nígbà tó dé, ó ṣí ìwé ìyàwòrán rẹ̀ fún mi. Ó ti ya ère kékeré méjì síbẹ̀. Orí wọn tóbi, irun wọn ga sókè, ilà mẹ́ta-mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá ni. Olùkọ́ wa ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe fún àwọn tó kù. Mo ní n kò mọ̀.”

Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá mi ní irú rẹ̀ méjì nínú àpótí. Mo rí i nígbà tí mo wà ní kékeré tó ń fi osùn pa wọ́n lára, tó ń pè wọ́n ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún ọmọ mi ni pé, “Òrìṣà ni. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé yìí.” Ó pa ìwé náà dé. Nígbà tó ṣe, mo rí ewé yẹn nínú garawa ìdọ̀tí. Ó ti fà á ya kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó sì ká a kékeré kí n má baà rí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí ère ìbejì jẹ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pariwo òrìṣà. Àwa Yorùbá ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé lọ, Igbó-Ọrà lókìkí nítorí rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìbejì kì í yè, nítorí pé wọ́n máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn. Bí ọ̀kan bá kú, tàbí tí méjèèjì kú, ẹbí á lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà pé kó gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ ère náà, á máa fún un ní oúnjẹ, á máa wọ aṣọ fún un, á máa pọ̀n ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin ọmọ rí yóò mọ ohun tí ìyá yẹn ń ṣe. Ìyá ìyá mi sin ọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, bíi ti ìbejì gbogbo, ìyá àgbà sì ṣì ń pè wọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún. Ọmọ mi bi mí nípa àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà rẹ̀, mo ní kó dákẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bo ìtìjú ara mi mọ́lẹ̀. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ. Mo kàn mọ̀ báyìí pé wíwò kì í ṣe bíbọ. Ilé ọnà tí mo ń sọ yìí kún fún ère àti àwòrán àwọn òrìṣà Gíríìsì, ère Búdà láti Ṣáínà, àwòrán Màríà àti Jésù tí àwọn ará Yúróòpù yà. N kò tíì rí òyìnbó kan tó sá fún ère Gíríìsì nítorí kó má baà sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Wọ́n máa ń kó ọmọ wọn wá, wọ́n á ní, “Wo ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe.” Àwa nìkan là ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara wa. Ẹni tó ń bọ ọ́ lónìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bọ ọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá fi ẹnu ara wa sọ ohun tí ó jẹ́ fún ọmọ, olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá ni yóò sọ ọ́, bó sì ṣe yé e ni yóò ṣe sọ ọ́.

Àwíjàre kẹta ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa. Wọ́n ní ẹrù olè ló wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó, pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti fọwọ́ sí olè. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Gbogbo ayé mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Bìní ní 1897. Ní ìlú wa St. Louis yìí pàápàá, ilé ọnà ra ìbòjú òkú obìnrin Íjíbítì kan, Ka-Nefer-Nefer, ní 1998, ní 499,000 dọ́là. Saqqara ni wọ́n ti wú u jáde nínú ilẹ̀ ní 1952. Íjíbítì ní wọ́n jí i ni, wọ́n béèrè rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò sì gbà á lọ́wọ́ ilé ọnà títí dé 2014.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ipá gbà, àwọn kan lọ ní ọ̀nà tó tilẹ̀ le láti sọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn lọ sí ìpàtẹ ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà, èyí tí ọba jókòó, tí olorì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago. Bí wákàtí márùn-ún ni ọkọ̀ ń rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀. Mélòó nínú àwa tí a ń rìn wákàtí márùn-ún yẹn lọ sí ìgbéyàwó ní Chicago ló ti yà wo òpó náà?

Nítorí náà, mo ń bi ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé pé: ta ni yóò béèrè ohun tí kò rí rí? Ní oṣù Kẹwàá 2022, Smithsonian ní Washington dá iṣẹ́ ọnà Bìní 29 padà fún Nàìjíríà. Àwọn tó lọ wò wọ́n, tó mọ̀ wọ́n, tó ka ibi tí wọ́n ti rà wọ́n, tó kọ̀wé, tó tún kọ̀wé, ló mú kí ọjọ́ yẹn dé. Kì í ṣe àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ní àwọn ń bínú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan nínú ilé ọnà, wọ́n máa ń kọ ẹni tó fi í tọrẹ tàbí owó tí wọ́n fi rà á, àti ọdún tó dé ibẹ̀. Ẹ lọ kà á. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè. Ẹni tó ń san owó orí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Àwíjàre kẹrin ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní, “Ibi òyìnbó ni.” Wọ́n á ní ẹ̀ṣọ́ á máa wo àwọn láti yàrá dé yàrá. N kò ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ìlú yìí dáadáa kí a tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún òyìnbó.

Níbi ìpàtẹ 1904 yẹn, níbi tí ilé ọnà ti wá, èèyàn wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ. Wọ́n kó àwọn ará Philippines tó ju 1,000 lọ wá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ abúlé, kí èrò máa wá wò wọ́n. Wọ́n mú Ota Benga wá láti Congo, ọkùnrin kúkúrú tí eyín rẹ̀ ṣóńṣó, àwọn èèyàn ń wò ó bí ẹni wo ẹranko. Ní 1906, wọ́n gbé e sínú ọgbà ẹranko Bronx ní New York, nínú ilé àwọn ọ̀bọ. Ní 1916, ó pa ara rẹ̀. Ẹ lè lọ ka ọ̀rọ̀ ìpàtẹ yẹn, ibi tó dára àti ibi tó burú, ní Missouri History Museum. Ènìyàn dúdú ni wọ́n wá wò nígbà náà. Lónìí, ènìyàn dúdú ló ń sanwó ilé náà. Bí a bá kọ̀ láti wọlé lọ jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó ilé, a jẹ́ kí 1904 ṣẹ́gun nìyẹn.

Láàárín ìlú, ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Old Courthouse ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni Dred Scott àti Harriet ìyàwó rẹ̀ ti pe ẹjọ́ ní 1846 pé àwọn kì í ṣe ẹrú. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ènìyàn dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Àwa tí a búra fún láìpẹ́ yìí, tí a gbé àsíá kékeré lọ́wọ́ tí a ń ya fọ́tò, lórí èjìká àwọn wọ̀nyẹn la dúró. Ó kéré tán, ó yẹ kí a lọ wo ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2018, ilé ọnà orí òkè yẹn gbé iṣẹ́ Kehinde Wiley jáde, ọkùnrin tó ya àwòrán Obama. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìbejì ni òun fúnra rẹ̀, Taiwo ni èkejì rẹ̀ ń jẹ́. Ó wá sí ìlú yìí, ó lọ sí àríwá ìlú àti Ferguson, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa Michael Brown ní 2014. Ó pàdé àwọn èèyàn lójú pópó, ó bẹ̀ wọ́n kí òun ya wọ́n. Ó yà wọ́n nínú aṣọ tiwọn, wọ́n dúró bí àwọn ọba àti ìjòyè inú àwòrán àtijọ́ tó wà nínú ilé ọnà náà ṣe dúró. Àwòrán mọ́kànlá ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé Ferguson àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n gbé àwọn aládùúgbò wa kọ́ ògiri níbi tí ọba wà, ọmọ ìbejì tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé ló yà wọ́n, àwa kò sì lọ. Èmi pàápàá kò lọ. Ìfihàn náà parí ní 2019, kò sì ní padà wá nítorí mi.

Kí wá ni kí a ṣe? N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sórí ẹkún.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan yọ Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú ọdún, kí wọ́n kó àwọn ọmọ àti àwọn àgbà lọ sí ilé ọnà pọ̀. Kí àwọn àgbà lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó wá bá wa gbé láti ilé, tí wọ́n ń jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́, ló mọ ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ mú wọn lọ sí yàrá iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Èkejì, bí a bá rí orúkọ tí wọ́n kọ ní àkọdàrú, tàbí tí wọn kò fi àmì sí, kí a kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ilé tí owó gbogbo wa ń gbé ró kò gbọdọ̀ máa kọ orúkọ wa bí ẹni ń kọ orúkọ àjèjì.

Ẹ̀kẹta, kí a má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ń jẹ nínú owó orí yẹn. Griot Museum of Black History, tí Lois Conley dá sílẹ̀ ní 1997 ní àríwá ìlú, kò sí lára àwọn márùn-ún tí owó orí náà ń gbọ́ bùkátà wọn. Owó ẹnu ọ̀nà àti ọrẹ ni wọ́n fi ń ró. Owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin lálẹ́ ọjọ́ kan tó láti mú ogún ọmọ wọlé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà wa dẹ́kun dídẹ́rù ba èèyàn. Ìgbàgbọ́ tí ère inú gíláàsì lè wó kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Ní ọdún tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé mi padà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti ya ère yẹn. Kò fẹ́ lọ. Ó ní, “Ṣé ẹ ní òrìṣà ni?” Mo ní mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Kì í ṣe ohun tí òbí Yorùbá máa ń sọ fún ọmọ, ó sì wò mí títí. A lọ. A dúró níwájú gíláàsì náà. Mo sọ fún un nípa osùn, nípa àpótí, nípa ìyá ìyá mi tó ń pe orúkọ nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni. Mo pe orúkọ náà fún un. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ohùn rẹ̀ kò dọ́gba, mo tún un pè, ó tún un pè. Obìnrin òyìnbó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa béèrè pé kí ni a ń sọ. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti ń dá a lóhùn. Ó ń ṣàlàyé ìbejì fún un.

Ọdún mẹ́rin ló gbà mí láti tún ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ìwé owó orí ń bọ̀. Bí ẹ bá ti san án tán, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ lọ wo ohun tí ẹ rà.